Apá Tí Kì í Gbàgbé

Títíladé, tí Àyọ̀ká ń bá jà, ti fọwọ́ gbá ilẹ̀ pé òun túúbá, ṣùgbọ́n apá Àyọ̀ká kò tú u sílẹ̀. Ṣe ló tún ń fún un lọ́rùn sí i. Rẹfirí àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ló já wọn gbà.

Ní Agbédèsánmà, ìlú onírin tó léfòó lókè ayé, ni wọ́n ti rọ apá ọ̀tún náà fún Àyọ̀ká nígbà tí jàǹbá gé tirẹ̀. Apá-arántí ni wọ́n ń pè é, torí ohun tó bá ti ṣe rí, kì í gbàgbé. Òun ni Àyọ̀ká fi ja jùdó, ìjàkadì àwọn ará Japan. Ó tún bá a dórí ìtàgé ìjàkadì eré, níbi tí akẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń gbá a pẹ́pẹ́ léjìká, pé kó fún òun sí i kí òǹwòran lè pariwo. Ní báyìí, ìjà àdàlù ẹ̀ṣẹ́ àti ìjàkadì ló kù, níbi tí ẹni tó bá fọwọ́ gbá ilẹ̀ ti túúbá. Ọgbọ́n pọ̀ nínú irin yìí, làákàyè ni kò sí.

“Ẹ já okùn iná apá yẹn!” Bàbá Ògúndáre, tó kọ́ Àyọ̀ká ní jùdó láti kékeré, ló jágbe mọ́ Dókítà Mokúọlá tó rọ apá náà.

“Bí a bá já a, Bàbá, gbogbo ohun tó mọ̀ ló máa lọ, jùdó pàápàá.”

“Kó máa lọ!”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá,” ni Àyọ̀ká bẹ̀ ẹ́. “Ó ku ìjà kan péré kí n gba ìgbànú ọ̀gá. Ẹ̀ṣẹ́ nìkan ni màá fi jà á.”

“Ò ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá.” Ṣùgbọ́n Bàbá fẹ́ràn Àyọ̀ká, ó sì gbà fún un.

Ẹ̀ṣẹ́ nìkan ló fi jà lóòótọ́, ó sì gba ìgbànú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń sunkún. Ìbídùn, ọmọbìnrin rẹ̀, sáré wá, ó fò mọ́ ọn. Àyọ̀ká gbá a mọ́ra. Ọmọ náà sì rọra ń fọwọ́ gbá ìyá rẹ̀ léjìká, bó ṣe máa ń ṣe lálaalẹ́.

“Ẹ kú oríire, Màámi.”

Apá náà kùn wọ́n-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún.

“Bàbá! Ẹ já a! Ẹ já a!”

Bàbá Ògúndáre fa okùn náà já léjìká rẹ̀. Apá náà rọ wọ̀ọ̀, òun àti gbogbo jùdó inú rẹ̀. Ìbídùn ṣubú sílẹ̀, ó ń wúkọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Àyọ̀ká na apá kan tó kù sí ọmọ rẹ̀. Ìbídùn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.