Ilẹ̀kùn Ilé Páálí

Ẹ má pè é ní àlọ́ o. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, àwọn tó ṣojú wọn ṣì wà láyé.

Ọ̀sẹ̀ tí iléèwé wọlé, Tíṣà ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi páálí kọ́ ilé kékeré, kí kálukú gé ilẹ̀kùn tó ṣeé ṣí sí tirẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ni wọn yóò ya àwọn ará ilé wọn sí, kí àwọn yòókù lè fi mọ̀ wọ́n. Ó sàn ju kí ọmọ dìde dúró níwájú, kí ó máa jẹ etí aṣọ, kí ohùn má jáde.

Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, Tíṣà ṣí èyí, ó rí bàbá onírùngbọ̀n. Ó ṣí ìyẹn, ó rí ajá tó tóbi ju bàbá lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá kan ti ọmọ tuntun kan, ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, torí pé ohùn rẹ̀ kì í kọjá ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn tirẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Aago ara ògiri ti kú. Ọ̀pá kan wà tí wọ́n so àkísà pupa mọ́ lórí. Ìyá arúgbó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọbìnrin kékeré kan wà níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Tíṣà. Yàrá tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń gbé nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló so àkísà yẹn mọ́ ọ̀pá ìyá rẹ̀.

"Ta ló mú ẹ dé ilé mi?"

"Ilé wa ni, mà."

Ara fu Tíṣà. Ìyá rẹ̀ kò lè dá rìn mọ́, aránṣọ ìtòsí nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ kejì, òun ló ń fún Ìyá lóúnjẹ ọ̀sán. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Nígbà tí iléèwé jáde, ọ̀dọ̀ aránṣọ ló kọ́kọ́ yà sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ń mú wọlé tọ ìyá mi?"

"Èmi kẹ̀? Tí mo bá ti gbé àwo sílẹ̀, ìdí maṣíìnì mi ni mò ń padà sí. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bi. Ọmọ ta ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ti tilẹ̀kùn?"

Tíṣà kò gbà á gbọ́. Ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Nígbà tó délé tó bi Ìyá, Ìyá ní tirẹ̀ ní, "Ọmọ yẹn ń gbìyànjú o. Ojoojúmọ́ ló ń wá bá mi ṣeré lọ́sàn-án. Má lé e o."

Lọ́sàn-án kẹ̀? Kíláàsì ni Jẹ́jẹ́ máa ń wà lọ́sàn-án. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ń pe orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá, ó tilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sápò. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, ó mú ilé Jẹ́jẹ́, ó da gọ́ọ̀mù sí etí ilẹ̀kùn yíká, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gan.

"Kí n wá rí ẹni tó máa gbabẹ̀ wọlé."

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó bẹ tíṣà kejì kó bá òun mójú tó àwọn ọmọ, ó sáré lọ sílé.

Kọ́kọ́rọ́ wọlé. Ó yí. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó fi èjìká tì í, kò mì. Òórùn gọ́ọ̀mù ń jáde létí rẹ̀.

"Ìyá!"

Ìyá dáhùn láti inú. "Ooru ń mú mi o. Ọmọ, lọ ṣílẹ̀kùn fún un."

Ohùn jẹ́jẹ́ kan fèsì. "Kò ṣeé ṣí, Màmá. Òun ló lẹ̀ ẹ́ pa."

Orí Tíṣà wú. Bó ṣe sáré padà sí kíláàsì, kò mọ̀. Jẹ́jẹ́ wà lórí àga rẹ̀. Tíṣà kejì ní kò tiẹ̀ dìde rárá.

Tíṣà gbé ilé páálí náà, ó ki èékánná bọ etí ilẹ̀kùn.

"Ẹ rọra o, mà," Jẹ́jẹ́ wí. "Tó bá fi ya, kò sí òmíràn."

Tíṣà dúró. Nínú páálí, ọ̀pá ń kan ilẹ̀kùn. Ó kàn án, ó tún kàn án. Ìkejì kò dún tó ti àkọ́kọ́.