Àpótí Kẹfà Létí Adágún

"Ṣé o dé ibi àpótí kẹfà?" Àǹtí bi í, kò gbójú kúrò lára ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo débẹ̀, mà," ni Ayára dáhùn.

Kò débẹ̀. Kíkánjú tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí máa ń kánjú ṣe ohun gbogbo ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Ayára. Àǹtí yìí, àbúrò ìyá rẹ̀, ẹnjiníà ni, òun ló gbà á síṣẹ́ nígbà ìsinmi. Àpótí ẹ̀rọ mẹ́fà ni wọ́n gbé yí adágún ká, iṣẹ́ Ayára sì ni láti lọ wọn ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ìgbì tó ń jáde lára òpó tẹlifóònù máa ń kọlu nǹkan, á sì ta padà bí ohùn ṣe ń ta padà lára àpáta," ni Àǹtí ti ṣàlàyé fún un. "Ohun táwọn àpótí yìí ń gbọ́ nìyẹn. Ọkọ̀ tí kò ní fóònù kankan nínú, a ó mọ ibi tó wà. Ṣùgbọ́n bí a ò bá mọ ibi tí àpótí kọ̀ọ̀kan dúró sí gan-an, irọ́ ni ẹ̀rọ máa pa fún wa."

Ẹrẹ̀ ọ̀nà àpótí kẹfà mu èèyàn dé orúnkún. Ọ̀rẹ́ Ayára, ọmọ apẹja tí wọ́n jọ lọ, ló sọ pé, "Ta ló máa mọ̀? Fojú díwọ̀n ẹ̀, jẹ́ ká máa lọ." Ayára bá hùmọ̀ iye kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ìkùukùu bo adágún biribiri. Bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sódò, kò padà dé. Bàbá náà kì í mú fóònù dání. Lójú ẹ̀rọ, apá ìwọ̀ oòrùn adágún ni ọkọ̀ rẹ̀ wà. Àwọn adóòlà ẹ̀mí sáré lọ síbẹ̀. Wákàtí kan kọjá, koríko odò nìkan ni wọ́n rí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì, ó ń sunkún. Ayára rìn lọ síwájú Àǹtí. Ó kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò dé ibi àpótí kẹfà. Mo hùmọ̀ ẹ̀ ni."

Àǹtí ò jágbe mọ́ ọn. Ó yọ àpótí kẹfà kúrò nínú ìṣirò, àmì ọkọ̀ sì sún lọ sí ìlà oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpáta. Ó gbé fóònù, ó pe àwọn adóòlà.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá bàbá náà, ó dì mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ tó dojú dé. Okùn àwọ̀n ti fún apá òsì rẹ̀ pinpin, ẹ̀jẹ̀ ò ṣàn débẹ̀ mọ́. Ó yè, ṣùgbọ́n wọ́n gé ọwọ́ náà. Dókítà ní ká ní wákàtí kan ṣáájú ni wọ́n rí i, bóyá wọn ì bá má gé e.

"Èmi ni mo ní kí o fojú díwọ̀n ẹ̀," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn.

"Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀," ni Ayára fèsì.

Àǹtí dá a dúró níṣẹ́. Ayára ò bẹ̀bẹ̀. Ó lọ síbi ibùsùn apẹja, ó sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Bàbá náà fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ Ayára mú.

"Ọmọ mi, òtítọ́ tí o sọ ló dá ẹ̀mí mi sí. Ṣùgbọ́n ká ní ó tètè jáde lẹ́nu ẹ ni, ọwọ́ méjèèjì ni ǹ bá fi dì ẹ́ mú. Òtítọ́ dára, ọmọ mi. Má jẹ́ kó máa pẹ́ lọ́nà."