Súwẹ́tà Mi Lára Ìlẹ̀kùn Merrilyn

Ọmọ kangarú ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí Selwyn. Etí méjì yọ nínú àpò tó gbé kọ́rùn níwájú ilé epo. Mo ní, "Bàbá ọmọ, ìyá ẹ̀ ńkọ́?"

"Ọkọ̀ pa á lójú títì. Gbé e mọ́ra, tí o kò bá ní jẹ́ kó já bọ́."

Mo gbé e mọ́ra. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti mú mi. Nígbà tó yá, mo bọ́ súwẹ́tà pupa mi fún Selwyn kó fi rán àpò tuntun, torí ọmọ kangarú kì í sinmi àfi nínú òórùn ẹni tó mọ̀.

Lóṣù keje, tí ọyẹ́ máa ń mú lọ́dọ̀ wa, òtútù tí àwọn àgbà pàápàá kò rí irú rẹ̀ rí bo aṣálẹ̀ wa. Omi inú garawa di òkúta. Ológoṣẹ́ ń já bọ́ lórí igi bí èso tó pọ́n jù. Alángbá gan pa sójú títì. Àfi tí oòrùn bá ràn lo tó mọ̀ pé kò tíì kú. Ìgbà yẹn gan-an ni Selwyn pòórá. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko.

"Ọkùnrin tí kò bá wá yáná lọ́dọ̀ ẹ nínú òtútù yìí," Nánà Elsie, ìyá ìyá mi, wí láàárín ajá mọ́kànlá tí wọ́n jọ ń sùn, "ibòmíràn ló ti ń yá a."

Mo mọ ibòmíràn ọ̀hún. Merrilyn nọ́ọ̀sì ni, tí òun àti Selwyn ti jọ ń fẹ́ra kí n tó dé. Owú ru bò mí lójú. Yìnyín ń fọ́ lábẹ́ bàtà mi, n kò gbọ́, títí mo fi wọ ilé Merrilyn.

Súwẹ́tà mi ni mo bá, ó rọ̀ sára ìlẹ̀kùn rẹ̀ nínú ilé, ọmọ kangarú wà nínú rẹ̀.

"Merrilyn, ọkọ mi dà?"

"Ọkọ kẹ̀? Ìgbà wo lẹ ṣègbéyàwó?"

"Má jẹ́ kí n gbá ẹ létí nínú òtútù yìí, ìlọ́po méjì ni yóò dùn ẹ́."

"Jókòó, mu tíì. Páìpù kànga ẹ̀rọ bẹ́ lápá ìwọ̀-oòrùn. Ibẹ̀ ni Selwyn ti ń tún un ṣe láti ọjọ́ Ajé, òun àtàwọn ràkúnmí igbó tí òùngbẹ ń gbẹ."

"Ṣé èmi kò lè tọ́jú ọmọ yìí ni?"

"Láàárín ajá mọ́kànlá? Nánà ẹ gan-an wo ìrù ẹ̀, wọ́n bi Selwyn pé ìgbà wo ló máa sanra."

Ẹ̀rín gbọ̀n mí lọ́fun, mo gbé e mì. "Kí ló dé tí kò ránṣẹ́ sí mi?"

"Ó rán Nánà ẹ." Ó na ìgò wàrà sí mi. "Ọmọ yìí kì í mu tèmi, àfi tí mo bá fi apá súwẹ́tà ẹ wé ìgò. Selwyn náà, kó tó lọ, imú ló tì bọ inú súwẹ́tà ọ̀hún, bíi pé òun náà fẹ́ wàrà."

Mo gbà á gbọ́. Síbẹ̀ inú bí mi pé ojú ẹ̀ ni Selwyn ti ṣe é. Mo já súwẹ́tà mi lára ìlẹ̀kùn, mo ki ọmọ bọ abẹ́ kóòtù, mo kọrí sílé.

"Nánà, Selwyn rán yín sí mi."

"Ó rán mi."

"Ẹ kò jẹ́ iṣẹ́ náà fún mi."

"Ọkùnrin tó gbé ẹran kọ́rùn tí kò pa á jẹ, mo rò pé orí ẹ̀ ò pé. Mo ní kí n wò ó bóyá wàá lè rin yìnyín nítorí ẹ̀." Wọ́n wo kóòtù mi tó wú. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n dìde wá okùn.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò rí i kí Nánà so ajá rí. Wọ́n so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́ òkú ọkọ̀ ẹ̀yìn ilé, mọ́kànlá.

Nírọ̀lẹ́ ni Selwyn dé, ètè rẹ̀ ti sán. Ó dúró níta, ó ń wo àwọn ajá lórí okùn, kò mọ̀ bóyá kó wọlé.

Nánà sún díẹ̀ lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì wọn. "Wá jókòó síbí," wọ́n wí. "Ibi tí àwọn ajá sùn sí ni. Ó ṣì ń móoru."