Orúkọ Tí Sùrájù Kò Tíì Lò

"Sùrájù! Sá, má wẹ̀yìn!"

Ohùn Abọ́dúnrìn, kóòṣì wọn, gba gbogbo pápá ní Cocody, ní Abidjan. Ọmọkùnrin náà sáré létí pápá, ó fò sókè, ó sì gba bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin ńlá náà mọ́ àyà. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà: kó sá, kó gbà á, kó má jẹ́ kó bọ́.

Abọ́dúnrìn na fọ́ọ̀mù kan sí i. "Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ti wo fídíò rẹ. Wọ́n ń wá receveur, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù bíi tìrẹ, wọn ó sì jẹ́ kí o kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ. Vendredi, ọjọ́ Ẹtì, ni mo fẹ́ gbà á."

Inú ọmọ náà dùn, àyà rẹ̀ sì já lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí orúkọ tí wọ́n ń pè é kì í ṣe tirẹ̀. Ràhímù ni orúkọ rẹ̀. Ìgbòho ni wọ́n bí i sí, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ kí ìyá rẹ̀, Àlàkẹ́, tó ń ta abọ́ ní ọjà Siporex, tó mú un wá sí Abidjan láìní ìwé kankan. Sùrájù àbúrò rẹ̀, tí òun fi ọdún méjì jù lọ, ni wọ́n bí sí Abidjan, òun ló sì ní ìwé ìbí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ìgbòho ló ń gbé nígbà náà. Ni Àlàkẹ́ bá fi ìwé àbúrò forúkọ ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Kò rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò bá ọmọ dàgbà.

"Màámi, orúkọ wo ni kí n kọ?"

"Èyí tó wà nínú ìwé ni kí o kọ jàre! Ṣé o fẹ́ fọwọ́ ara rẹ ṣera rẹ ni?"

Ràhímù kọ Sùrájù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìgbòho ní ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Wọ́n ní kí n mú extrait, ìwé ìbí mi, wá. Mo ní ẹ̀yin lẹ ń lò ó, ni wọ́n bá fi mí rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, kí ni wọn ó máa pe èmi?"

Orí Ràhímù dàrú. Bó bá sọ òótọ́, Amẹ́ríkà lè bọ́. Bó bá dákẹ́, àbúrò rẹ̀ ò jẹ́ nǹkan kan níbi tí wọ́n bí i sí. Òun fúnra rẹ̀ wá ta ni? Oúnjẹ attiéké tí ìyá wọn bù fún un tutù síwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ya fọ́ọ̀mù náà, ó sì sọ gbogbo òótọ́ ọ̀rọ̀ náà fún Abọ́dúnrìn. Kóòṣì mí kanlẹ̀. "Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún wọn."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, yunifásítì náà fi ipò rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ràhímù sunkún, ìyá rẹ̀ sunkún jù ú lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ lọ sí ilé ẹjọ́ láti tọrọ ìwé tirẹ̀. Sùrájù gba ìwé ìbí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wẹ́dà.

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún, a máa ṣo. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. Irọ́ tó gbé ẹnì kan ga lè jẹ́ pé èjìká ọmọ ìyá rẹ̀ ló dúró lé.

Nígbà tí wọ́n padà sí pápá, Abọ́dúnrìn ju bọ́ọ̀lù. "Ràhímù!"

Ọmọ náà ń wo ẹ̀yìn láti mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Bọ́ọ̀lù bà á léjìká, ó bọ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ràhímù náà rẹ́rìn-ín, ó fi apá nu ojú, ó sì dá bọ́ọ̀lù padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, kóòṣì, ẹ tún mi pè."