Ẹ̀san Tí Ògúnkànmí Gbà

Ọ̀gá káfíńtà ni Ògúnkànmí. Ọ̀pọ̀ òrùlé ilé tuntun tó wà ní Magboro, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kì í gun òrùlé láìkọ́kọ́ mu ògógóró.

Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lókè, òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó fọ́ orí obìnrin kan tó ń kọjá nísàlẹ̀. Adébánjí, káfíńtà tó kéré sí i tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, sọ fún ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà. Ni ẹnjiníà bá gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ Ògúnkànmí, ó fi í fún Adébánjí.

Ògúnkànmí kò dá ọtí lẹ́bi, kò dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Bó bá ń jẹun, Adébánjí ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bó bá sùn, Adébánjí ni. Ó sọ fún Ọmọ́títí ìyàwó rẹ̀ pé, "Bí n kò bá gbẹ̀san, kí n má jẹ́ ọmọ bàbá mi."

Olúwadámiláre, bíríkìlà kan níbi iṣẹ́ wọn tó jẹ́ onígbàgbọ́, rí ìbínú rẹ̀, ó sì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Jésù tó kú fún yín, ó kú fún Adébánjí náà."

"Kí Jésù dárí jì í," ni Ògúnkànmí dá a lóhùn. "Èmi ò ní dárí jì í láé."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó dé ibi iṣẹ́, ó mú ayùn, ó gé ìtẹ̀sẹ̀ kan lára àkàbà Adébánjí kọjá ìdajì, ó fi amọ̀ kun ojú ibẹ̀. Nígbà tí Adébánjí ń gùn ún, Ògúnkànmí dúró nísàlẹ̀, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ó lè kígbe. Kò kígbe.

Igi dá. Adébánjí já lulẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́. Inú Ògúnkànmí dùn dénú egungun!

Òun ló sún mọ́ ọn jù, òun ni wọ́n ní kó gbé e wọnú ọkọ̀. Òun àti Olúwadámiláre ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Bí wọ́n ti ń lọ, Adébánjí di ẹ̀wù Ògúnkànmí mú.

"Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Mo rò pé ẹ ṣì ń bínú sí mi. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa jábọ́ kú lọ́jọ́ kan, ìdí tí mo ṣe sọ fún ẹnjiníà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n ti gbé Adébánjí wọlé, ó wó lulẹ̀ lẹ́sẹ̀ Olúwadámiláre níwájú ọsibítù, ẹkún sì ń gbọ̀n ọ́n.

"Èmi ni mo gé àkàbà yẹn. Ṣé Jésù lè gba irú mi?"

"Irú yín gan-an ló wá fún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún Adébánjí."

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, Ògúnkànmí sì fi ayé rẹ̀ fún Kristi. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó jẹ́wọ́. Adébánjí kọjú sí ògiri. Ògúnkànmí jẹ́wọ́ fún ẹnjiníà náà, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń gbé oúnjẹ lọ sílé Adébánjí, wọn kò gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Adébánjí fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó na ọwọ́ òsì gba oúnjẹ náà.

"Ẹ má bínú pé ọwọ́ òsì ni mo fi gbà á, bọ̀dá. Mo ti dárí jì yín."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta ni ìwọ ń wá ìṣubú rẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ? Gbogbo ẹ̀bi tí o dì mọ́ ọn lọ́rùn kò lè wẹ ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ nù. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè wẹ̀ ọ́. Má sọ pé ó di ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, dárúkọ ẹni náà níwájú Ọlọ́run, kí o sì wí pé, "Olúwa, dárí jì mí; èmi náà dárí jì í." Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ bá a lónìí.