Iye Ata ní Aago Méje Òwúrọ̀

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé Hidayat, kọ̀m̀pútà kan ni mo ń bá jà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòsí. Ó ti dúró lẹ́yìn mi fún ìgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èèyàn wọlé. Ó fọwọ́ tọ́ mi léjìká.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń ṣe wẹ́bùsáìtì, àbí kí n lọ kí n padà wá tí ìjà yín bá parí?"

Mo yíjú padà láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì há mi lẹ́nu. Ó wé híjáàbù aláwọ̀ ewé, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú nítorí ata, gbogbo ara rẹ̀ ń ta sánsán àlùbọ́sà, síbẹ̀ n kò rí obìnrin tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Oṣù kẹwàá ọdún 2008 ni, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀.

Mo fún un ní àga, ó sì ṣàlàyé ohun tó gbé e wá. Alhaji Rùfáì, bàbá rẹ̀, ń ta ata, tòmátì àti àlùbọ́sà ní apẹ̀rẹ̀-apẹ̀rẹ̀ ní Mile 12. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti àwọn olóúnjẹ láti Ògùdù títí dé Ìkẹjà ni oníbàárà wọn, gbogbo wọn ló sì máa ń pe fóònù láràárọ̀ láti béèrè iye ọjà. Hidayat ló ń dá wọn lóhùn, ó sì ti sú u. Ó ronú pé bí iye ọjà òòjọ́ bá wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kálukú lè kà á níbẹ̀, òun á ráyè mí.

Ó sọ fún mi pé ọdún kejì ni òun wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà tí Alhaji pe òun wálé kí òun wá dúró ní ìsọ̀. Wọ́n ní ìwé tí òun ti kà ti tó fi ta ata. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún.

Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ìbéèrè tó ba ayé mi jẹ́.

"Bọ̀dá Ṣọládé, iye ọjà wa kì í dúró sójú kan. Bí tírélà bá ṣe ti òkè Ọya dé la ṣe ń tà á. Ṣé kò sí ètò kan tí èmi fúnra mi lè máa fi yí i padà, tí mi ò ní máa yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu?"

Ó wà. Joomla wà, WordPress wà, mo sì mọ méjèèjì lò. WordPress ni mo fi ṣe ìkànnì ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ògùdù lóṣù díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Akọ̀wé wọn, màmá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkéde sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ti lè fi ímeèlì ránṣẹ́ lè lò ó.

Mo wo ojú Hidayat. Mo ní, "Rárá o. Àwọn ètò tó wà níta yẹn le gan-an, wọ́n á kàn dà ẹ́ lórí rú ni. Èmi ni màá máa yí i padà fún ẹ. Ìwọ ṣáà máa pè mí láràárọ̀."

Ó gbà. Kí ló dé tí kò ní gbà? Èmi ni ọ̀gá kọ̀m̀pútà.

Báyìí ni mo ṣe jókòó tí mo fọwọ́ kọ gbogbo ojú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, lọ́nà tó fi jẹ́ pé èmi nìkan ló lè tún un ṣe. Tí aago méje bá lù, Hidayat á pè. Àwọn ará Mile 12 kì í dárúkọ iye ọjà fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n á fi já ẹrù tírélà tán, tí wọ́n á sì ta apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ti tà á báyìí ni màá gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín ariwo àwọn alábàárù. Ata rodo ti wọ́n. Tàtàṣé wà bó ṣe wà. Tòmátì já wálẹ̀. Èmi á kọ ọ́, màá sì gbé e sókè.

Lóṣù àkọ́kọ́, iye ọjà nìkan la ń sọ. Lóṣù kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá mo sùn dáadáa. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, a ó ti sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kí ọ̀kan nínú wa tó rántí tòmátì. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé ọjọ́ Sunday tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ já ẹrù máa ń gùn lójú mi.

Ládé mi ló ń pè mí. Àyànfẹ́ ni mo ń pè é. Ní ìrọ̀lẹ́, tó bá ti pa ìsọ̀ dé, á gba ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, a ó jọ jẹ bọ̀ọ̀lì níwájú ilẹ̀kùn, á sì máa fi àwọn oníbàárà mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi á fi bọ́ lójú mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó gbé bọ̀ọ̀lì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní nílé àwọn, gbogbo èèyàn ló máa ń pinnu ohun tí òun lè ṣe àti èyí tí òun ò lè ṣe.

"Ìwọ nìkan lo máa ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó lórí, Ládé."

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mo gbé bọ̀ọ̀lì sẹ́nu.

Àwọn òbí wa kò fẹ́ kí a fẹ́ra. Alhaji ní àwọn kò ní fa ọmọ àwọn lé ẹni tí kì í kírun lọ́wọ́. Màmá mi ní Ṣàgámù ní òun ò lè jókòó síbi ìgbéyàwó tí wọn ò ti ní kọ orin ìyìn kan ṣoṣo. Èmi ọkùnrin, mo ti fẹ́ juwọ́ sílẹ̀. Hidayat ló wọ mọ́tò lọ sí Ṣàgámù láìsọ fún mi, ó jókòó ti màmá mi láti àárọ̀, ó bá wọn ṣẹ́ ẹ̀gúsí títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Màmá mi pè mí lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní tí mo bá jẹ́ kí ọmọ náà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, òmùgọ̀ ni mí.

Bàbá tirẹ̀ ló ṣòro. Oṣù mẹ́rin gbáko ni Hidayat fi ń bẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń dì mú: òun ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jà, Ṣọládé nìkan ni kò parọ́ fún òun rí. Ó sọ ọ́ fún mi tayọ̀tayọ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2009, òjò ńlá kan rọ̀. Ajégúnlẹ̀ tó wà lẹ́bàá Mile 12, níbi tí mo gba yàrá sí, kún fún omi odò. Mo jí, omi ti dé orí bẹ́ẹ̀dì mi, fóònù mi sì ti rì. Aago méje lù, Hidayat pè títí, kò sí ìdáhùn. Ata ti gbówó lórí gan-an lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n iye àná ló wà lórí ìkànnì, òun ni àwọn oníbàárà sì gbé wá sí ìsọ̀. Wọ́n pe Alhaji ní ẹlẹ́tàn lójú gbogbo ọjà.

Alhaji ránṣẹ́ pè mí sílé wọn ní Kétu ní Sunday tó tẹ̀ lé e. Hidayat ní ẹ̀rù kò gbọdọ̀ bà mí, pé ara wọn ti ń rọ̀, pé wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ omi yẹn, lẹ́yìn náà wọ́n á bi mí pé ọjọ́ wo ni àwọn èèyàn mi ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Àwa márùn-ún la wà ní pálọ̀: Alhaji, Alhaja Nusirat ìyàwó wọn, Hidayat, èmi, àti Gafar, ọmọ àbúrò Alhaji tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ní Ìlọrin. Mo tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ omi, wọ́n sì gbà á. Alhaji wá béèrè bóyá kò sí ọ̀nà míì, nítorí kò bójú mu kí fóònù ẹnì kan ṣoṣo máa dá ọjà àwọn dúró.

Gafar ló dá wọn lóhùn kí n tó la ẹnu.

"Ó wà o, Daddy. WordPress. Láàárín ọjọ́ kan, Hidayat á ti mọ̀ ọ́n lò. Bọ̀dá Ṣọládé gan-an expert ni wọ́n níbẹ̀, àwọn ló fi ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ògùdù last year. Mo rí orúkọ wọn nísàlẹ̀ rẹ̀."

Ọmọ náà ń yìn mí ni. Hidayat rẹ́rìn-ín, ó ní Gafar kò mọ̀, pé mo ti ṣàlàyé fún òun tipẹ́ pé ó le. Ó yíjú sí mi kí n lè gbè é lẹ́yìn, ó sì rí ojú mi.

"Ládé, lọ́jọ́ tí mo bi ẹ́, ṣé o ti mọ̀ ọ́n?"

Mo lè sọ pé ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo kọ́ ọ. Irọ́ náà ti wà ní sẹpẹ́ lẹ́nu mi. Ó rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri.

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá dé?"

"Mo fẹ́ kí o máa pè mí."

Ohun tí n kò retí ṣẹlẹ̀. Alhaji bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ìyàwó wọn, wọ́n ní ṣé kò rántí ohun tí àwọn náà ṣe nígbà tí àwọn ń wá a kiri, pé ọgbọ́n ọkùnrin nìyẹn, pé ẹni tó lè ṣe irú èyí kí ó lè gbọ́ ohùn ọmọ àwọn, ó fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Alhaja náà ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bàbá yẹn wò mí bí àna.

Hidayat kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí wọ́n fi dákẹ́.

"Daddy, ẹ̀yin ní ìwé mi ti tó fi ta ata. Òun náà ní orí mi ò lè gbé e. Ẹ̀yin tiẹ̀ sọ tiyín lójú mi."

Ó dìde, ó jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, mo kúnlẹ̀, èmi àti ṣòkòtò funfun mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo orúkọ ìfẹ́ tí mo mọ̀. Ó ní kí n dìde nílẹ̀.

"Mi ò bínú pé o fẹ́ gbóhùn mi. Ká ní o sọ pé kí n máa pè ẹ́ ni, ǹ bá pè ẹ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi gbà pé nǹkan yẹn ju agbára mi lọ, torí pé ìwọ lo sọ ọ́."



Mo kó ìkànnì náà, pẹ̀lú gbogbo iye ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀, sórí WordPress láàárín ọ̀sẹ̀ kan. A dá ọjọ́ mẹ́ta fún ẹ̀kọ́, ní ìsọ̀ wọn, Alhaja jókòó tì wá. Kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, Hidayat ti kọ iye ọjà, ó ti pa àwọ̀ ìkànnì náà dà, ó ti gbé fọ́tò ìsọ̀ náà síwájú. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń yára lórí bọ́tìnnì, inú mi ń dùn, ọkàn mi ń bàjẹ́. Ó ní ó ti tó, kí n má wulẹ̀ wá lọ́la.

Alhaji ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé kí n ní sùúrù, obìnrin á rọ̀. Màmá mi wá láti Ṣàgámù, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó bọlá fún wọn, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wọn, ó sin wọ́n dé ibi tí wọ́n ti máa wọkọ̀, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà pé òun ò ní fẹ́ mi mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, fóònù mi dún. Òun ni.

Ó ní orúkọ méjì ló wà lára àwọn tó lè wọ inú ìkànnì náà, tirẹ̀ àti tèmi. Ó fẹ́ yọ tèmi. Ó ní kò yẹ kí òun yọ ọ́ láìsọ fún mi. Mo sọ ibi tó máa tẹ̀ fún un, mo sì gbọ́ bó ṣe tẹ̀ ẹ́.

"Kọ̀m̀pútà ń bi mí ní nǹkan. Gbogbo ohun tó o ti kọ láti ọdún tó kọjá, ó ní ṣé kí òun pa wọ́n rẹ́ ni àbí kí òun gbé wọn sí orúkọ mi."

"Gbé wọn sí orúkọ ẹ, Hidayat. Ìwọ lo ń pè wọ́n, èmi kàn ń kọ wọ́n ni."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo fẹ́ sọ pé mo ti jẹun kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Mo ní n kò tíì jẹ, pé oúnjẹ àárọ̀ kì í wọlé fún mi mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn alábàárù ń pariwo kí àwọn èèyàn yà fún wọn lọ́nà.

Ó ní kí n gbìyànjú kí n wá nǹkan jẹ, ó sì pa fóònù. Ọjọ́ náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn.