Bẹ́ǹṣì Àwọn Tí Kò Tíì Gbà

"Tómilọ́lá! Ta lò ń bá jà nínú balùwẹ̀ yẹn?"

Tómilọ́lá dákẹ́ lójijì, ó sì yára ti ẹ̀rọ omi. Ìyá Àgbà, tó bí ìyá rẹ̀, ló ń gbá ilẹ̀kùn gbàmùgbàmù, gbogbo àdúgbò Jakande ní Ìsọlọ̀ sì ti ń gbọ́.

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, mà."

"Kí wá ni gbogbo ṣákálábá ràkátá tí mò ń gbọ́? Bó bá jẹ́ èpè lò ń ṣẹ́, bọ́ síta kó o ṣẹ́ ẹ! Àgbà kì í sáré lásán o. Ẹ̀wà àná ló ń lé mi!"

Tómilọ́lá ṣílẹ̀kùn, ó sì pòṣé sínú. Ilé kékeré, balùwẹ̀ kan ṣoṣo, ìyá àgbà tí ikùn rẹ̀ kò mọ àkókò: níbo lèèyàn ti fẹ́ ráyè kọ́ bí wọ́n ṣe ń fèdè fọ̀?

Ohun tó ń kọ́ nìyẹn. Ó ti tẹ́tí sí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn dáadáa, ó ti ṣa ọ̀rọ̀ ẹnu wọn jọ bí ẹni ṣa ẹ̀gúsí, ó wá ń tò ó sẹ́nu nídìí omi kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

Bẹ́ǹṣì ló fà á. Àǹtí Kíkí, olórí àwọn ọ̀dọ́, ló gbé bẹ́ǹṣì kan sẹ́yìn yàrá ìpàdé. Ẹni tí kò bá tíì gba Ẹ̀mí Mímọ́, kó sì fèdè fọ̀, ibẹ̀ ni yóò jókòó. "Bẹ́ǹṣì àwọn tí kò tíì gbà" ni wọ́n ń pè é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, ìṣó rẹ̀ sì máa ń fa síkẹ́ẹ̀tì èèyàn ya. Bó bá di ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́stì, àwọn tó ti gbà yóò so síkáàfù pupa mọ́rùn, wọn yóò kọrin níwájú ìjọ. Àwọn ará bẹ́ǹṣì yóò máa wò wọ́n bí ewúrẹ́ tó ń wo àwo ẹ̀bà.

Tómilọ́lá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ṣíjúadé nìkan ló kù níbẹ̀. Diamond gan-an, tó máa ń jí ẹran nínú ìkòkò ìyá rẹ̀, ti kúrò níbẹ̀! Ọ̀rọ̀ náà ti sú Tómilọ́lá délẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé, níbi ìdánrawò orin, ó dijú, ó gbọn orí bí adìyẹ tí òjò pa, ó sì tú ṣákálábá balùwẹ̀ sílẹ̀. Ariwo ta! Àǹtí Kíkí dì mọ́ ọn, ó so síkáàfù pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Àmọ́ nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Ṣíjúadé nìkan ló rí lórí bẹ́ǹṣì. Ó ń pàtẹ́wọ́ fún un, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

"Báwo lo ṣe ṣe é?" Ṣíjúadé béèrè bí wọ́n ti ń lọ sílé. "Jọ̀ọ́, sọ fún mi."

Ibí yìí gan-an ló yẹ kó ti sọ òtítọ́. Tómilọ́lá fọwọ́ pa síkáàfù rẹ̀. "Ṣáà máa gbààwẹ̀," ló wí. "Ọlọ́run á dá ẹ lóhùn."

Ṣíjúadé gbà á gbọ́. Kò jẹ, kò mu, omi gan-an kò kàn án lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó jẹ́ Pẹ́ńtíkọ́stì, bí àwọn olórin ti ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó ṣubú gbì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Jésù! Jésù!" ni gbogbo ènìyàn ń ké.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ máa pe Jésù, kẹ́ ẹ sì máa gbé omi bọ̀!" ló kígbe. "Ta ló ní ṣúgà? Ẹ fún un láfẹ́fẹ́, jàre!"

Wọ́n fún un lómi ṣúgà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lajú. Ó wo Tómilọ́lá. "Kí ni mo ṣe fún Ọlọ́run?" ló bi í. "Ó gbọ́ tìẹ, kò gbọ́ tèmi."

Ìdí Tómilọ́lá kò lè gbélẹ̀ mọ́. Ó fa Ìyá Àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì jẹ́wọ́.

"Háà! Ṣákálábá balùwẹ̀!" Ìyá Àgbà di orí mú. "Èmi tí mo rò pé ìgbẹ́ ló há ẹ! Ọmọ yìí, o fẹ́ pa mí ni? Lọ sọ fún un."

"Ẹ̀rù ń bà mí, mà."

"Ẹ̀rù ba Pétérù náà. Ọmọ ọ̀dọ̀ lásán bi í ní ìbéèrè, ó ní òun ò mọ Jésù rí. Lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́stì, Pétérù yìí kan náà ló dìde dúró, tó sọ òtítọ́ lójú àwọn tó lè pa á. Iná Ẹ̀mí Mímọ́ tó bà lé e lọ́jọ́ náà, ìbẹ̀rù ló jó! Ìwọ, ta ló fẹ́ pa ẹ́? Kíkí?"

Tómilọ́lá tú síkáàfù náà, ó fi nu òógùn ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Irọ́ ni, Ṣíjú. Balùwẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ọlọ́run ò kọ̀ ẹ́. Èmi ni mo tàn ẹ́."

Ṣíjúadé ti síkáàfù náà kúrò lójú. "Tórí ariwo balùwẹ̀ ni ebi ṣe fẹ́ pa mí kú?" Ó pòṣé, ó sì kọjú sí ògiri. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò dá a lóhùn, kódà ní kíláàsì.

Nígbà tí ìpàdé tún pé, Tómilọ́lá dìde níwájú gbogbo wọn. Ó sọ ohun tó ṣe láìfi ọ̀kan pe méjì, ó dá síkáàfù padà, ó sì rìn lọ sídìí bẹ́ǹṣì. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ Ṣíjúadé sún, ó fún un láyè.

Diamond náà bá dìde. "Àǹtí, ẹ má bínú," ló wí. "Tèmi náà, orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ." Òun náà lọ jókòó. Ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn.

"Èwo ni gbogbo eléyìí?" Ojú Àǹtí Kíkí ti ń pọ́n. "Ṣé kò sí ẹnikẹ́ni tó gbà ni?"

"Ẹ sún fún mi!" Ìyá Àgbà, tó sin Tómilọ́lá wá, ló ń bọ̀ látẹnu ọ̀nà. "Èmi náà ò tíì fèdè fọ̀ rí. Ìjẹ̀bú ni mo fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kò sì sọ pé òun ò gbọ́ rí."

Ó gbé ìdí kalẹ̀. Bẹ́ǹṣì dún "káù!", gbogbo wọn sì ṣubú lulẹ̀ yakata. Ìyá Àgbà sùn gbalaja, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. "Ẹ bá mi kí ìdí mi o! Ohun tí pásítọ̀ ò lè fọ́, òun ló fọ́ ọ!"

Ẹ̀rín pa Àǹtí Kíkí náà nígbẹ̀yìn. Ó fa Ìyá Àgbà dìde, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Èdè tí mò ń fọ̀ kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ẹ̀bùn ni, èmi ni mo sọ ọ́ di ìdánwò ìwọlé."

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ẹ̀mí tó sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́stì kò tíì padà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà lára òun, kó má wo ariwo ẹnu rẹ̀. Kó wò ó bóyá òun lè sọ òtítọ́ nígbà tí ẹ̀rù ń ba òun, àti bóyá ẹni tí wọ́n tì sẹ́yìn lè ráyè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ní ti bẹ́ǹṣì yẹn, Ìyá Àgbà kó pákó rẹ̀ lọ sílé, ó fi dáná ẹ̀wà. Lọ́jọ́ kejì, Tómilọ́lá ló wà lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, tó ń kanlẹ̀kùn: "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ ṣe kíá!"